Eegun Inú Àpótí Èédú

Bí ẹ bá fẹ́ mọ irú ènìyàn tí Domoto Reizo jẹ́, ẹ wo ìgbálẹ̀ ilé rẹ̀. Orúkọ rẹ̀ wà lára ìgbálẹ̀. Ó wà lára ife tíì, ó wà lára igi tẹ́ẹ́rẹ́ méjì tó fi ń jẹun, ó sì wà lára àwọn aṣọ funfun kéékèèké tó ń fún àlejò tó bá wá ra idà. Òwú funfun ló ní kí wọ́n fi kọ ọ́ sí igun aṣọ funfun náà, kó má baà jọ fáàrí. Fáàrí náà kúkú ni.

Seki, ìlú àwọn alágbẹ̀dẹ idà, ló ti wá bá wa ní òkè Okuizumo yìí. Ó gbé ẹ̀rọ ìlurin wá, ẹ̀rọ tó ń mi ilẹ̀ tìtì. Ó gbé pátákó ńlá wá. Ó sì mú ajá pupa kékeré kan wá tó ń jẹ́ Kinako, ó rán aṣọ kimono fún un, ó ń jẹ́ kó jókòó sí ẹ̀gbẹ́ owú nínú àgbẹ̀dẹ gan-an, kí àwọn tó ń kó idà jọ láti òkè òkun àti àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ìjà idà lè bá a ya fọ́tò. Ó tún gbin ìtàkùn kó fà bo ògiri àgbẹ̀dẹ, ó ní ó ń dùn ún wò.

Ẹ gbọ́ ná. Òòṣà irin tó ni òkè wa, Kanayago là ń pè é. Obìnrin ni. Ajá ló lé e nígbà ìwáṣẹ̀. Ó di ìtàkùn mú kó lè sá gun òkè, ìtàkùn já, ajá sì pa á. Mo mọ̀ pé òòṣà irin ń jẹ ajá níbòmíràn. Tiwa ò fẹ́ rí ajá sójú rárá. Ilé tí ajá bá wà, kì í yà síbẹ̀. Ọmọ tí ikun ṣì ń ṣàn nímú rẹ̀ mọ èyí ní ìlú wa, ṣùgbọ́n Domoto ò mọ̀ ọ́n, nítorí kò béèrè. Àwa náà ò sì sọ fún un. Abèèrè kì í ṣìnà, ẹni tó ti gbọ́n tán láti Seki kò nílò wa.

Bí kò bá jẹ́ ti ìyá Anami ni, bóyá fáàrí rẹ̀ ì bá má pa ẹnikẹ́ni lára. Ìyá yìí ló ni ilé ẹ̀kọ́ idà ní ìlú Matsue, àgbà obìnrin tí ọwọ́ rẹ̀ yá ju ti ọ̀dọ́kùnrin lọ. Ó ránṣẹ́ sí alágbẹ̀dẹ méjì pé kí kálukú rọ idà kan wá. Èyí tí òun bá mú, ọ̀dọ̀ ẹni tó rọ ọ́ ni gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ òun á ti máa gba idà títí ayé. Domoto ni ẹnì kìíní. Ẹnì kejì ni bàbá Wakatsuki Tamezo.

Bàbá Tamezo kò rọ idà mọ́ látìgbà tí Shigeki ọmọ rẹ̀ ti kú. Shigeki ló máa ń gbé òòlù ńlá. Irin dáadáa kan ṣoṣo ló kù sílé, èyí tí bàbá àti ọmọ jọ yọ́ kí ikú tó dé. Bàbá sọ ọ́ lójú gbogbo wa pé, "Tí idà tí mo máa fi irin yìí rọ bá sán nínú omi, màá pa iná àwọn baba mi, màá sì ta àgbẹ̀dẹ fún ẹni tó bá fẹ́."

Domoto ló fẹ́ ẹ. Ó fẹ́ sọ ọ́ di ilé tíì, kó gbé àwòrán ara rẹ̀ kọ́ síbi tí ẹwìrì wà.

*

Ìyá adáhunṣe kan wà ní Matsue, lẹ́yìn ìsọ̀ ẹlẹ́ja, Otatsu ni orúkọ rẹ̀. Àwọn tó ń lọ síbẹ̀ kì í sọ pé àwọn lọ. Domoto jókòó síwájú rẹ̀, ó ń fi òrùka ọwọ́ rẹ̀ kan tábìlì, kín, kín, kín. Ìṣe rẹ̀ nìyẹn bí ọkàn rẹ̀ ò bá balẹ̀.

"Mo fẹ́ kí idà kan sán."

"Ta ló ń gbé inú àgbẹ̀dẹ náà?" Ìyá Otatsu ò gbójú sókè.

"Bàbá arúgbó kan báyìí. Wakatsuki—"

"Mi ò béèrè ènìyàn lọ́wọ́ ẹ. Òòṣà wo?"

Domoto rẹ́rìn-ín. "Ìyá, òòṣà àgbẹ̀dẹ ò ju ọ̀kan náà lọ. Ọmọ Seki ni mí. Ṣé ẹ̀yin lẹ fẹ́ fi irin hàn mí ni?"

Ìyá náà wá wò ó. Ojú tí ènìyàn fi ń wo ẹja tó ti ń rùn ló fi wò ó.

"Ó dáa, ọmọ Seki. Òórùn òkú ń lé òòṣà. Lọ wá eegun. Kó jẹ́ ti ẹni tí ilé yẹn sunkún rẹ̀. Fi aṣọ funfun tí ẹnikẹ́ni ò tíì lò rí wé e, kí o gbé e sí ibi tí iná ti ń jẹun. Òòṣà á jáde. Irin ò ní lẹ́ni tó máa dì í mú mọ́."

"Tó bá padà wá bá mi ńkọ́?"

"Ohun tí wọn ò bá fẹ́ nílé kan ló ń padà. Lẹ ìwé yìí mọ́ ẹnu ọ̀nà rẹ, kò ní wọlé."

"Tí wọ́n bá wá fẹ́ ẹ ńkọ́?" Ó ń ṣe yẹ̀yẹ́ ni.

Ìyá Otatsu ò bá a rẹ́rìn-ín. "Ìyẹn, mi ò tíì rí i rí."

Kí Domoto tó wọ bàtà tán, ìyá ti ń fi iyọ̀ fọ ọwọ́.

*

Ọjọ́ ọdún ẹwìrì ni Domoto lọ jí eegun náà. Ní ọjọ́ yẹn, kò sí alágbẹ̀dẹ tó ń dá iná. A máa ń kó ọsàn síwájú ẹwìrì, a máa ń pín in fún ará àdúgbò, a ó sì lọ kí òòṣà lókè. Àgbẹ̀dẹ dá, ilẹ̀kùn kò sí ní títì, nítorí a kì í ti ilẹ̀kùn ní ìlú wa. Òjò wínníwínní ń rọ̀ lọ́sàn-án gangan. Domoto gun òkè ibojì, ó fi irin ti òkúta ìdílé Wakatsuki sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó ki ọwọ́ bọ inú ìkòkò tí wọ́n kó eegun Shigeki sí lẹ́yìn tí wọ́n sun òkú rẹ̀, ó sì mú eegun ìka kan.

Àwọn kannakánná tó ń ké lórí igi dákẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Ó gbé ojú sókè. Gbogbo wọn ń wò ó.

"Ẹ máa wò," ó ní, ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ ò le.

Ó ti mú aṣọ funfun dání láti ìsọ̀ rẹ̀, tuntun, ẹnikẹ́ni ò tíì lò ó. Ó wé eegun, ó sọ̀ kalẹ̀, ó yọ́ wọ àgbẹ̀dẹ bàbá Tamezo, ó sì ri í mọ́ ìsàlẹ̀ àpótí èédú. Bó ṣe ń jáde, ó rí ọsàn tí wọ́n fi bọ ẹwìrì. Ẹ̀yin èèyàn mi, ó mú ọ̀kan. Ó bó o, ó jẹ ẹ́, ó ju èèpo sílẹ̀ lójú ọ̀nà! Kì í ṣe pé ebi ń pa á. Ìwà ni.

Ní ẹsẹ̀ òkè, ó pàdé Chizuru, opó Shigeki, tó ń bọ̀ pẹ̀lú agbòòrùn.

"Ẹ kú ọdún ẹwìrì o," Domoto ní, ó tẹrí ba dáadáa. "Bàbá ńkọ́? Ara wọn le?"

"Ara wọn le. Ẹ ṣé." Òórùn ọsàn ń ti ẹnu Domoto jáde. Chizuru fiyè sí i.

*

Ní ọjọ́ kejì, bàbá Tamezo dá iná. Ahọ́n iná náà ò lọ sókè bó ṣe yẹ, ńṣe ló ń tẹ̀ sápá ibi tí àpótí èédú wà. Bàbá fẹ́ ẹwìrì, iná ò dáhùn. Ó yí èédú padà, bákan náà ni.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí wọ́n ṣe ń lu irin ní ìlú wa. Ọ̀gá ló ń mú òòlù kékeré. Yóò fi kan irin jẹ́jẹ́, kín, láti fi ibi tí wọ́n máa lù han ẹni tó gbé òòlù ńlá. Ẹni yẹn á sì dáhùn, gbàà. Ọ̀rọ̀ ni wọ́n ń bára wọn sọ bẹ́ẹ̀. Látìgbà tí Shigeki ti kú, bàbá ń kan irin, kò sẹ́ni tó ń dáhùn, kò kàn lè jáwọ́ nínú àṣà náà ni. Ó gbé irin pupa lé orí owú. Ó fi òòlù kékeré kàn án.

Kín.

GBÀÀ!

Irin tẹ́ síwájú rẹ̀. Ẹta iná fò dé àjà. Òòlù ńlá Shigeki ṣì dúró lára ògiri níbi tó wà tẹ́lẹ̀, eruku ṣì wà lára rẹ̀. Ẹ̀mú bọ́ lọ́wọ́ bàbá.

"Bàbá! Bàbá o!" Chizuru ni, lẹ́nu ọ̀nà. Obìnrin kì í wọ àgbẹ̀dẹ lọ́dọ̀ wa, òòṣà ń jowú. "Ta lẹ jọ ń lu irin?"

"Ìwọ náà gbọ́ ọ?"

"Mo gbọ́ ọ. Bàbá, ọ̀dọ̀ Shigeki ni mo ti ń bọ̀. Wọ́n ti ṣí ibojì rẹ̀. Omi òdòdó tí mo gbé síbẹ̀ ti dà nù, òkúta ò sì bo ibi tó ń bò tẹ́lẹ̀. Mo rí èèpo ọsàn lójú ọ̀nà láti ibí lọ."

Bàbá wo iná tó tẹ̀. Ó da àpótí èédú dànù, ó sì rí aṣọ funfun náà. Kò tíì tú u tán kó tó mọ ohun tó wà nínú rẹ̀. Ìka tí òun fúnra rẹ̀ kọ́ bí wọ́n ṣe ń di òòlù mú!

Chizuru fi igbe ta. "Àsàsí ni! Ẹ gbé e jáde, Bàbá, ẹ jẹ́ ká da iyọ̀ síbẹ̀, ká gbé e padà sílé rẹ̀ kíá! Wọ́n fẹ́ kí òòṣà sá fún yín ni!"

Bàbá ò dìde.

"Òòṣà wo ló máa sá? Chizuru, ta ló ń gbé ibí?"

"Kanayago ni."

"Kí ni Kanayago fúnra rẹ̀?"

Ó yé Chizuru. Òkú ni Kanayago. Òkú tí ajá pa.

"Bàbá bàbá mi sọ ọ́ fún mi," Tamezo ní. "Láyé àtijọ́, bí irin bá kọ̀ tí kò yọ́, wọ́n á gbé òkú wá, wọ́n á so ó mọ́ òpó. Inú Kanayago á dùn. Irin á ṣàn bí omi. Àwọn òòṣà yòókù ló ń sá fún òkú, tiwa ń wá a ni. Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀ látọjọ́ tí ọmọ yìí ti kú. Ṣé kí n wá fi ọmọ mi ṣe é? Ọmọ mi?" Omi ń dà lójú rẹ̀. "Mi ò lè ṣe é láé."

"Ẹlòmíràn ti ṣe é fún yín."

"Ó ti ṣe é. Ṣùgbọ́n ìwọ ni ìyàwó rẹ̀. Tó o bá ní ká gbé e padà, mo gbé e padà báyìí, kí iná kú. Sọ̀rọ̀, ọmọ mi."

Chizuru nu ojú rẹ̀. "Ó fẹ́ràn iṣẹ́ yìí jù mí lọ, ẹ̀yin náà mọ̀. Ẹ jẹ́ kó parí rẹ̀. Àmọ́ tó bá ti parí, Bàbá, ẹ dá ọkọ mi padà fún mi."

Bàbá rọra gbé eegun náà lé ẹ̀gbẹ́ iná, ó na aṣọ sí Chizuru lẹ́nu ọ̀nà. Chizuru tẹ́ ẹ sínú ìmọ́lẹ̀. Ó wò ó, ó tún un wò. Ẹ̀rín burúkú kan bọ́ lẹ́nu rẹ̀.

"Ẹ wo igun rẹ̀, Bàbá. Òpònú yìí kọ orúkọ sílẹ̀ fún wa."

*

Láti ọjọ́ náà, Domoto ń gba iwájú àgbẹ̀dẹ Wakatsuki kọjá lójoojúmọ́ bí ẹni tó ń na ẹsẹ̀. Ó ń gbọ́ òòlù méjì. Kín, gbàà. Kín, gbàà. "Ta ni arúgbó yìí rí gbà síṣẹ́?" ló ń bi ara rẹ̀. Kò rí bàtà ẹlòmíràn lẹ́nu ọ̀nà.

Ní ọjọ́ tí wọ́n fẹ́ ri idà bọ omi, ó mọ̀, nítorí bàbá fi aṣọ dúdú bo gbogbo fèrèsé kó lè rí àwọ̀ iná dáadáa. Domoto dúró sábẹ́ igi lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Ohùn kan ló fẹ́ gbọ́. Bí idà bá máa sán nínú omi, ó máa ń ké tín-ín-rín, gbogbo alágbẹ̀dẹ ló mọ̀ ọ́n, ó sì ń bà wọ́n lẹ́rù ju ikú lọ. Ẹnu Domoto ti ń yọ itọ́.

Ó gbọ́ tí ẹwìrì ń mí. Ó gbọ́ tí ó dúró. Ó gbọ́ ṣààà, tí irin pupa wọ omi. Ó di èémí rẹ̀ mú, ó tẹ́ etí.

Idà ò ké. Èémí ìtura ló gbọ́ nínú àgbẹ̀dẹ tó ṣókùnkùn náà, èémí àgbà ọkùnrin, àti lẹ́yìn rẹ̀, èémí ọ̀dọ́kùnrin. Ẹni kejì náà rẹ́rìn-ín díẹ̀.

Domoto kò na ẹsẹ̀ mọ́. Sísá ló sá dé ilé. Ó lẹ ìwé ìyá Otatsu mọ́ ẹnu ọ̀nà, ó tún fi ọwọ́ tẹ̀ ẹ́, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í tan ara rẹ̀: ó ní ó lè jẹ́ pé inú ni idà náà ti sán, tí yóò fọ́ bí wọ́n bá lò ó. Ẹni tó bá fẹ́ tan ara rẹ̀ kì í wá ọ̀rọ̀ tì.

*

Ní àgbàlá ilé ẹ̀kọ́ ìyá Anami, wọ́n ká ẹní tí wọ́n máa fi dán idà wò, wọ́n rẹ ẹ́ sínú omi, wọ́n gbé e dúró. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kúnlẹ̀ yíká. Domoto wọ aṣọ funfun gbọ̀ọ̀rọ̀, ajá rẹ̀ wọ kimono aláwọ̀ ewé. Ara òun àti ajá rẹ̀ ń dán.

Bàbá Tamezo wọlé pẹ̀lú Chizuru. Ó gbé idà tí wọ́n wé dání. Kinako rí i, irun rẹ̀ dìde láti orí dé ìrù. Ó hu igbe kan tí a ò gbọ́ lẹ́nu ajá rí, ó já okùn, ó bọ́ kúrò nínú kimono, ó sì wọ igbó lọ. Títí dòní, ẹnikẹ́ni ò rí i mọ́.

"Ó máa padà," Domoto ní, ó di kimono mú lọ́wọ́ bí ọ̀dẹ̀.

Idà Domoto ni ìyá Anami kọ́kọ́ mú. Ó fà á yọ, ó gbé e sókè, ó gé e wálẹ̀. Ẹní gé. Ó tún gé e lẹ́ẹ̀kan sí i. Idà ké tín-ín-rín, ó sì dá sí méjì, ìdajì rẹ̀ fò lọ gún ilẹ̀ níwájú orúnkún ẹni tó rọ ọ́.

Ìyá Anami tú èkù rẹ̀, ó wo ìdí irin tó kù lọ́wọ́ rẹ̀, níbi tí alágbẹ̀dẹ ń kọ orúkọ sí.

"Ọ̀gá Domoto, ẹ kú iṣẹ́ o. Ibi tí ẹ kọ orúkọ sí ò fọ́ rárá. Ibi tó yẹ kó gé nǹkan nìkan ló fọ́."

Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ bo ẹnu. Ìyá mú idà bàbá Tamezo. Ó gé ẹní náà, ó gé e, ó gé e, a ò gbọ́ ohùn kankan, àfi ìgbà tí ẹní bọ́ sílẹ̀. Ó wo ẹnu idà lójú oòrùn, ó sì wo bàbá.

"Ta ló gbé òòlù ńlá fún yín?"

"Ọmọ mi ni," bàbá ní. Chizuru bú sẹ́kún, ìyá Anami ò sì béèrè mọ́. Ó tẹrí ba dé ilẹ̀ fún idà náà.

*

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì, bàbá Tamezo dé ilé Domoto. Ìwé ẹnu ọ̀nà ti já bọ́ sílẹ̀, bàbá mú un, ó fi í lé Domoto lọ́wọ́. Ìtàkùn tó fà bo ògiri ti gbẹ láti òkè dé ìsàlẹ̀. Domoto ní kó jókòó, ó bu tíì fún un nínú ife tí orúkọ rẹ̀ wà lára rẹ̀.

"Ọ̀gá Domoto, mo wá dúpẹ́ ni," bàbá ní. "O gbé ọmọ mi wá bá mi níbi iṣẹ́. Bàbá tó bí i ò láyà tó bẹ́ẹ̀."

"Mi ò mọ ohun tí ẹ ń sọ, Bàbá."

Bàbá mú aṣọ funfun kan yọ láti àyà rẹ̀. Chizuru ti fọ̀ ọ́, ó ti lọ̀ ọ́, ó ká a kí igun tó ní orúkọ lè wà lókè. Ó gbé e sórí tábìlì.

Nílẹ̀ wa, a kì í dá aṣọ tí wọ́n fi wé nǹkan wá fúnni padà lófìfo. Ìbáà ṣe ọ̀dùnkún kan, ìbáà ṣe ìṣáná, ènìyàn á fi nǹkan sí i. Domoto pàápàá mọ ìyẹn. Ó ṣí aṣọ náà. Ó yí i padà.

"Kò sí nǹkan nínú rẹ̀."

"Kò sí," bàbá ní. "Mo béèrè lọ́wọ́ Kanayago pé kí n fi kí ni sí i. Ó pẹ́ tó ti jẹun kẹ́yìn, ìwọ lo ta á jí. Mo ti gba ọmọ mi lọ́wọ́ rẹ̀, mo dá a padà fún ìyàwó rẹ̀. Ó ní kò burú. Ó ní kí n gbé aṣọ yìí wá bẹ́ẹ̀, òun á wá fi nǹkan sí i fúnra òun."

"Ìsọkúsọ lẹ ń sọ!"

"Ó ní òun ti ń fẹ́ wọ ilé yìí tipẹ́. Ajá kan ni kò jẹ́." Bàbá mu tíì rẹ̀ tán, ó dìde. "Ajá náà ńkọ́?"

Ó tẹrí ba, ó lọ.

Domoto ju ìwé ìyá Otatsu sínú èédú. Ẹ̀pa ò bóró mọ́. Ó jókòó, ó fẹ́ rẹ́rìn-ín. Ó fi òrùka kan tábìlì, bó ṣe máa ń ṣe.

Kín.

Láti inú àgbẹ̀dẹ rẹ̀, níbi tó ti pa ẹ̀rọ, tó ti ti ilẹ̀kùn: GBÀÀ.

Ó gbé ọwọ́ kúrò. Gbogbo ilé dákẹ́. Ó dúró títí, ó rọra gbé ọwọ́ náà padà sórí tábìlì kó lè tì í dìde. Òrùka kan igi, kín, àgbẹ̀dẹ sì dáhùn. Ó fa òrùka kó lè bọ́ ọ, ìka ti wú, kò bọ́. Bó ṣe ń fà á ló ń kan tábìlì. Kín, gbàà. Kín, gbàà. Ìró òòlù náà ń sún mọ́ yàrá tó wà díẹ̀díẹ̀, aṣọ funfun sì tẹ́ síwájú rẹ̀ lófìfo.

Àwa gbọ́ ọ nísàlẹ̀ òkè. Àwa náà ò lọ béèrè.